Wọ́n ní mo jẹ gbèsè app tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ó sì ti wọ ríkódù kirẹ́díìtì mi (Ìkòròdú)

Àdùkẹ́_ÌtaẸlẹ́wà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí, Ìta Ẹlẹ́wà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo fẹ́ ra maṣíìnì industrial, mo wá lọ bá microfinance kan pé kí wọ́n yá mi lówó, gbogbo ìwé ni mo kó kalẹ̀, onídùúró méjì, ohun gbogbo ń lọ dáadáa, àfi bí ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣe é ṣe wo kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ní "àǹtí, ẹ jẹ gbèsè níbì kan o, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ò san." Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi. Mo rí orúkọ ara mi, ọjọ́ tí wọ́n bí mi, BVN mi, ₦85,000 wà lábẹ́ ẹ̀, lọ́dọ̀ app kan tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí láyé mi. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi. Àdírẹ́sì, Ìtámágà ni wọ́n kọ, mi ò gbé Ìtámágà rí.

Wọn ò yá mi lówó yẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé báwo lèèyàn ṣe ń yọ irú nǹkan báyìí kúrò lórí orúkọ ẹ̀, ta ni kí n lọ bá, kí ni mo sì lè ṣe tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ san án, torí mi ò jẹ ẹ́.


Baba_Agric kọ:

Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Má wulẹ̀ dá wọn lóhùn. Àwọn olówó orí fóònù yìí, tó o bá ti pa nọ́ńbà wọn tì, wọ́n á pariwo títí á fi rẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n lè ṣe ò ju kí wọ́n máa fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sáwọn ẹbí ẹ lọ.


Lọ́yà_Ìjẹ̀dẹ́ kọ:

Baba, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ èyí. Ariwo yẹn, tí wọ́n á máa kọ̀wé sí pásítọ̀ èèyàn àti àna ẹ̀ pé olè ni, ó ti ń dín kù díẹ̀ látìgbà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti já wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn n'Ìkẹjà ní March 2022, tí Google náà sì ti sọ ọ́ dòfin láti ìparí May 2023 pé app tó ń yáni lówó kò gbọ́dọ̀ wọ inú contacts àti fọ́tò èèyàn mọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n ti kọ sórúkọ èèyàn kì í pariwo, ṣe ló máa jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Credit bureau tí CBN fún láṣẹ wà, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, ibẹ̀ ni báǹkì àti microfinance ti ń wo èèyàn kí wọ́n tó yá a lówó. Tí Àǹtí Àdùkẹ́ bá pa á tì lónìí, ọjọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ gba owó ṣọ́ọ̀bù tàbí owó mọ́tò, ibẹ̀ ni wọ́n á tún ti bá a. Tó bá sì jẹ́ báǹkì tàbí microfinance tó wà lábẹ́ CBN ni olè ti lọ yáwó náà, ẹ má gbàgbé GSI, ètò tí CBN ṣe fún gbígba gbèsè, tó bẹ̀rẹ̀ ní August 1, 2020, wọ́n lè gba ọ̀nà BVN wá account téèyàn ní ní báǹkì míì kí wọ́n sì yọ owó wọn níbẹ̀. Òógùn ojú oníṣẹ́ ni wọ́n á wá fi san gbèsè olè.

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ gba ríkódù yín lọ́wọ́ àwọn bureau mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fi mọ sí ọ̀kan, torí olówó kan lè kọ yín síbì kan kó má kọ yín síbòmíì. Òfin Credit Reporting Act ti 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn, customer care ni wọ́n á pè, wọ́n á jà lórí fóònù, káàdì á tán, ó parí síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó ní òun yá yín lówó, ẹ kọ ọ́ sí bureau tó gbé e jáde, ẹ ní ẹ ò gba owó yìí, kí wọ́n wá fi hàn yín: ọjọ́ wo ni wọ́n san án, account wo ló wọ̀, báǹkì wo, nọ́ńbà wo ni wọ́n fi OTP, kóòdù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ló ń ṣe é, ránṣẹ́ sí, ojú ta ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n yà. Ìbéèrè account yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Owó ò lè dúró sójú afẹ́fẹ́, account kan ló wọ̀, account yẹn sì lẹ́ni tó ṣí i. Ẹ ní kí bureau kọ ọ́ sí ríkódù náà pé ẹ ń jiyàn gbèsè yìí títí wọ́n á fi wádìí ẹ̀ tán.

Ẹ lọ búra àfídéfíìtì ní kọ́ọ̀tù n'Ìkòròdú níbí, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kẹ́ ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé ẹ wá, ẹ so ẹ̀dà méjèèjì mọ́ lẹ́tà. Òfin Cybercrimes ti 2015 ka jíjí ìdánimọ̀ ẹlòmíì lò sí ẹ̀ṣẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ní ní tẹ́ṣàn pé ọ̀rọ̀ gbèsè ò kan àwọn, ẹ ní kì í ṣe gbèsè, olè ni. Olówó náà fúnra ẹ̀, FCCPC lẹ máa fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ti pé wọ́n lo data yín láìgba àṣẹ, NDPC nìyẹn, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo data èèyàn, òfin data ti 2023 ló gbé wọn kalẹ̀.

Wọ́n lè pè yín pé "àǹtí ẹ kàn san ìdajì ká pa á rẹ́." Ẹ má san kọ́bọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ti san díẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n á sọ ni pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ ẹ́.


Baba_Agric kọ:

Lọ́yà, ó ṣé, ó yé mi. Ti pé wọ́n lè wá a dé báǹkì míì yẹn ló bà mí lẹ́rù torí owó ìfẹ̀yìntì mi ló ń wọ account. Báwo lẹni tí kò fẹ́ yáwó rárá ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti forúkọ ẹ̀ yáwó?


Lọ́yà_Ìjẹ̀dẹ́ kọ:

Bákan náà ni sà. Ẹni tí ò fẹ́ yáwó gan-an ló yẹ kó máa gba ríkódù ẹ̀ wò lọ́dọọdún, torí ẹni tó ń yáwó á tètè rí i, ẹni tí kì í yá lè má mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ tún tẹ *565*0# lórí fóònù yín, wọ́n á yọ owó díẹ̀. Lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ṣe BVN nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ó fi mọ̀ pé nọ́ńbà yín ló ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá dáhùn, ẹ wọ báǹkì lọ kí wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lórí BVN yín. Wọn kì í gba owó nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn nítorí ìyẹn.


Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yìí, àyà mi ń já. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tó máa ń wọ ọjà Sábó, wọ́n á wọ T-shirt tí wọ́n kọ empowerment sí, wọ́n á ní ìjọba fẹ́ fáwọn ìyá ọlọ́jà lówó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó yé yín, torí mo jókòó ti ẹni tí wọ́n ṣe é fún, àwa la jọ ń ta ata. Wọ́n á gba ìwé NIN wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á wá gbé fóònù síwájú ìyá náà, "mama ẹ wo inú róbótó yìí, ẹ ṣẹ́jú, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ yí orí sọ́tùn-ún díẹ̀, ẹ lanu." Tí kò bá gbà, wọ́n á ní kó ṣí gèlè kúrò níwájú orí, wọ́n á tún un ṣe títí fóònù á fi ní ó ti tán. Wọ́n á ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i lọ́wọ́ wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ tó kàn. Mo bi wọ́n pé ta ló ń fúnni lówó torí pé èèyàn ṣẹ́jú, wọ́n ní "mama, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìjọba ràn yín lọ́wọ́ ni?" Mi ò jẹ́ kí wọ́n ya tèmi, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n ń fi ojú yẹn ṣe?


Gbénga_Síìmù kọ:

Mama, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn tẹ́ ẹ kọ èyí. Ojú yẹn gan-an ni wọ́n ń rà. Tẹ́lẹ̀, téèyàn bá ti mọ NIN tàbí BVN ẹlòmíì pẹ̀lú ọjọ́ ìbí ẹ̀, ó lè fi ṣe nǹkan púpọ̀. Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ báǹkì orí fóònù àtàwọn olówó ẹ̀yáwó ti ní nọ́ńbà nìkan ò tó, àwọn fẹ́ rí ojú tó ń mí, tó ń ṣẹ́jú, kí àwọn fi wé fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, tàbí lórí BVN. Olè ò lè dá ìyẹn ṣe. Ó wá dé ọjà, ó fún ìyá kan ní ẹgbẹ̀rún méjì, ìyá yẹn bá a ṣẹ́jú. Account ti ṣí nìyẹn, lórúkọ ìyá, fóònù ọmọ yẹn ló wà. Tí wọ́n bá lu ẹnì kan ní jìbìtì n'Ìbàdàn tàbí ní Kánò, inú account yẹn lowó á gbà kọjá, tí ọlọ́pàá bá tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ ìyá aláta ni wọ́n máa dé. NIMC fúnra wọn ti pariwo ẹ̀ títí pé káwọn èèyàn yéé ta NIN wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ fún ìyálọ́jà kí wọ́n kéde ẹ̀ nípàdé ọjà, torí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí.

Èmi náà ti jókòó sábẹ́ àńbùrẹ́là forúkọ síìmù sílẹ̀ rí ní Garage, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti tẹ ìka, ẹni yẹn á ní "network ò gbé e, ẹ tún un tẹ̀." Lóòótọ́ network máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àkọ́kọ́ ti wọlé, ìkejì yẹn síìmù míì ló fẹ́ fi ṣí lórúkọ yín. Ẹ ní kó yí ojú ẹ̀rọ náà sí yín kẹ́ ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún nǹkan kan tẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wọ ọ́fíìsì network yín gangan, kí wọ́n sọ iye síìmù tó wà lórí NIN yín fún yín, èyí tí kì í ṣe tiyín, kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò.

Ọ̀kan tún kù tó ṣe pàtàkì jù lọ. Tí fóònù yín bá ṣàdédé kọ No Service, tí ti ará ilé yín tó ń lo network kan náà sì ń lọ, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ á mọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti swap síìmù yín, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù míì tó wà lọ́wọ́ olè. Ẹ gba fóònù ẹlòmíì, báǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti account pa, kẹ́ ẹ tó pe network. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù téèyàn lè fi ti account ẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni, ẹ kọ tiyín sínú ìwé nílé, kì í ṣe inú fóònù. Kẹ́ ẹ sì fi PIN sí síìmù fúnra ẹ̀ nínú settings, torí ẹni tó bá jí fóònù ní Mile 12 á kàn yọ síìmù yẹn sínú fóònù tiẹ̀ ni, lásán ni pátánì tẹ́ ẹ fi ti ojú fóònù.


Bísí_BísínẹẹsìSẹ́ńtà kọ:

Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Odògunyán, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Àwọn èèyàn máa ń fi NIN slip, ìwé ọjọ́ ìbí, statement báǹkì, gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù pé ká bá àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á gba ìwé wọn wọ́n á lọ. Fáìlì yẹn ṣì wà nínú fóònù, ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó wà ní Downloads. Lójú kásítọ́mà lèmi ti máa ń pa á rẹ́, mo sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n dúró kí wọ́n rí i. Ẹ máa bèèrè ẹ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ rí i pé ó kúrò nínú Recycle Bin náà. Èyí tí printer bá bàjẹ́, ẹ gbà á, ẹ fà á ya fúnra yín.

Mo ra àkàrà ní Garage nígbà kan, mo délé mo tú u, ìwé tí wọ́n fi wé e, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣí account ni. Orúkọ obìnrin kan, ọjọ́ ìbí ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá ẹ̀, síginéṣọ̀ nísàlẹ̀, epo àkàrà ti mu fọ́tò ẹ̀ dé ìdajì. Aláàkàrà ò mọ nǹkan kan, kílò ló fi ń ra ìwé. Ẹni tó kó fọ́ọ̀mù yẹn jáde kúrò ní báǹkì ni mo ń bi Ọlọ́run nípa ẹ̀.


ỌmọÌkòròdú_Houston kọ:

Ẹ kú ilé o. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìyí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́mọ níbí. Nọ́ńbà tí olè ń wá níbí ni Social Security, díjítì mẹ́sàn-án. Ní 2017 wọ́n jí data èèyàn bíi mílíọ̀nù 147 kó ní Equifax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ríkódù kirẹ́díìtì gan-an ni o. Láti September 2018 òfin ti ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti ti ríkódù ẹ̀ pa, freeze ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, Equifax, Experian, TransUnion. Tó bá ti wà ní títì, olówó tuntun ò ní lè rí ríkódù ẹ wò, torí náà kò ní yá olè lówó lórúkọ ẹ. Ọjọ́ tí ìwọ alára bá fẹ́ yáwó, wàá ṣí i, wàá tún tì í padà. Kò ba kirẹ́díìtì jẹ́. Òbí lè ṣe é fọ́mọ tí kò tíì pé 16 náà, torí wọ́n máa ń jí tọmọdé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ọmọ á fi dàgbà.

Ríkódù fúnra ẹ̀, AnnualCreditReport.com lèèyàn ti ń gbà á, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pàápàá, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á máa polówó oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ téèyàn á máa sanwó fún lóṣooṣù kí wọ́n máa bá a ṣọ́ kirẹ́díìtì ẹ̀, lójú tèmi títì yẹn dára jù ú lọ, torí àwọn yẹn, ìgbà tí olè ti wọlé ni wọ́n á sọ fún ẹ. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, IdentityTheft.gov tí ìjọba ṣe ni kéèyàn lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kọ́mọ ya káàdì Social Security ẹ̀ sí yín lórí WhatsApp torí ẹnì kan ní òun fẹ́ bá yín ṣe físà.


Bùkọ́lá_Ẹ̀bútè kọ:

Bọ̀dá Houston ẹ ṣeun. Irú títì yẹn ló yẹ ká máa bá àwọn aṣòfin wa sọ o. Ṣé ẹ rántí June 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e jáde pé ìkànnì kan ń ta NIN àti BVN èèyàn ní ₦100, NIMC ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn. Ọgọ́rùn-ún náírà!


Gbénga_Síìmù kọ:

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa níbí ni virtual NIN. Dípò tẹ́ ẹ fi máa fún èèyàn ní NIN gangan, ẹ gba èyí lórí app NIMC tàbí kẹ́ ẹ tẹ *346#, àmì 16 ló ní, ẹni tẹ́ ẹ ṣe é fún nìkan ló lè lò ó, wákàtí 72 ló ń gbé. Tẹ́nì kan bá jí i lẹ́yìn ìyẹn kò wúlò fún un.


Bùkọ́lá_Ẹ̀bútè kọ:

Mo fún wọn ní virtual yẹn ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, slip làwọn fẹ́.


Gbénga_Síìmù kọ:

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá taku, ẹ fún wọn ní photocopy, ṣùgbọ́n ẹ fi bírò kọ ọ́ gba àárín ẹ̀ kọjá: "fún ilé iṣẹ́ báyìí nìkan, nítorí nǹkan báyìí," kẹ́ ẹ kọ déètì. Ẹ jẹ́ kó gorí nọ́ńbà náà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un lò níbòmíì á rí i pé ó nira.


Àdùkẹ́_ÌtaẸlẹ́wà kọ:

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ṣe púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Mo kọ lẹ́tà sí app náà bí Lọ́yà ṣe kọ́ mi, mo bèèrè account tówó wọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, ìgbà tí mo fi àfídéfíìtì àti ẹ̀dà ẹ̀sùn tí mo fi ránṣẹ́ sí FCCPC mọ́ ọn ni wọ́n dáhùn. Account báǹkì orí fóònù kan ni, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, mi ò ní app báǹkì yẹn rí. Fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ olówó náà, obìnrin kan tó dúdú tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, èmi pupa, mo sì sanra. Ẹni tó fọwọ́ sí i ò wo ojú náà rárá. Mo ti kọ̀wé sí báǹkì yẹn kí wọ́n ti account náà pa, wọ́n ti tì í. Bureau ní àwọn ń wádìí, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń jiyàn ẹ̀. Microfinance ní tí ìwé bá ti jáde kí n padà wá.


Lọ́yà_Ìjẹ̀dẹ́ kọ:

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ báǹkì yẹn náà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣí account, kó tó di pé ẹlòmíì dé bá yín lórí owó míì tó gba ibẹ̀ kọjá. Tí bureau bá sì yọ ọ́, ẹ tún ríkódù gbà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí olówó lè tún un fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó orúkọ àwọn onígbèsè wọn jọ.


Tọ́pẹ́_Ìmọ̀tà kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Bàbá wa kú, síìmù wọn wà nílé, a ò fi owó sí i mọ́. Nọ́ńbà yẹn ló wà lórí BVN wọn. Àbúrò mi ní ká jù ú nù.


Gbénga_Síìmù kọ:

Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má jù ú nù o, ẹ má sì jẹ́ kó kú fúnra ẹ̀. Síìmù tí wọn ò bá lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, network lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì, mẹ́sééjì báǹkì Bàbá á wá máa wọlé sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ máa fi pè, títí ọ̀rọ̀ báǹkì á fi yanjú. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ National Population Commission, ẹ mú un lọ sí gbogbo báǹkì tí Bàbá ní account sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí account àti BVN pé wọ́n ti kú. Kò dìgbà tí lẹ́tà ogún bá jáde kẹ́ ẹ tó lọ sọ ìyẹn, ti owó inú ẹ̀ lọ̀tọ̀. Ìwé NIN wọn, káàdì ATM wọn, ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí.


Tọ́pẹ́_Ìmọ̀tà kọ:

Ẹ ṣeun sà. Báǹkì méjì ni, ọ̀kan wà ní ọ̀nà Ayangburen, èkejì wà ní Ṣàgámù. Ti Ayangburen la máa kọ́kọ́ lọ.